Pẹpẹ ga, ẹnu kèrègbè há

"Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè." Mo pa á fún àbúrò mi kan ní Kábà níjọ́sí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òwe àwọn baba arúgbó nìyẹn. Ó fẹ́ ṣe fíìmù nípa aṣọ ìpò, aṣọ pupa àwọn ará Bùnú tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún ìjòyè. Òun nìkan ni yóò kọ ìtàn, òun ni yóò yà á, òun ni yóò tà á. Ó ní òmìnira lòun ń wá, bíi ti Ọlá Balógun, olùdarí fíìmù nì.

Ọlá Balógun kẹ̀! Mo ní kó jókòó.

Lóòótọ́, ọkùnrin yẹn kọ́ṣẹ́ sinimá dé Paris, ó sì gbé Alpha jáde lọ́dún 1972. Ọwọ́ rẹ̀ wọ kèrègbè dáadáa. Ṣùgbọ́n èrò ìwòran wà lórí pẹpẹ, àwọn ọ̀gá eléré tó ti ń kiri ìlú dé ìlú ni ọwọ́ wọn tó o. Ó bá Adé Àfọláyan àti Dúró Ládiípọ̀ ṣe Àjàní Ògún ní 1976. Nígbà tó di 1979, ó bá Hubert Ògúndé ṣe fíìmù Ayé. Ẹ wò ó: ọdún 1945 ni wọ́n bí Balógun, ọdún náà ni Ògúndé dá ẹgbẹ́ eléré rẹ̀ sílẹ̀. Ògúndé tó bí i lọ́mọ, síbẹ̀ ó jẹ́ kó máa darí òun níwájú kámẹ́rà. Èyí ló máa ń yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Àbúrò mi bi mí pé, ti fíìmù Ọ̀run Móoru ńkọ́? Ọmọ yìí gbọ́n. Balógun àti Baba Sàlá ló jọ ṣe é ní 1982. Olè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fídíò, wọ́n ń tà á kiri, gbèsè sì wọ Baba Sàlá lọ́rùn. Ọwọ́ méjì gbé ẹrù, ẹnì kankan kò ṣọ́nà. Mo ní kó tètè wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ fíìmù tirẹ̀, kó tó ya àwòrán kan ṣoṣo.

Ó dákẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó pè mí láti Bùnú. Mo ní, "Èló ni àwọn àgbà ní kó o san?"

Ó ní wọn ò tíì dárúkọ owó. Wọ́n ní kó pa kámẹ́rà náà ná, kó wá jókòó.