Ta Ni Àlejò Létí Ibùsùn?

"Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn." Àlejò la sábà máa ń fi òwe yìí kìlọ̀ fún, kó má baà kó ìwà ilé rẹ̀ wọlé onílé. Tó bá wá kan nọ́ọ̀sì àti aláìsàn, ta ni àlejò nínú àwọn méjèèjì? Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì á ní aláìsàn ni, ṣebí òun ló wá bá wa lọ́sibítù. Èmi ò gbà. Ọsibítù ló ni ibùsùn, kò ni ara tó sùn lórí rẹ̀. Nínú ara yẹn, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ àti èèwọ̀ tó rọ̀ mọ́ ọn, nọ́ọ̀sì ni àlejò. Àlejò sì lójú, kò fi ríran.

Madeleine Leininger, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà, tètè fura sí èyí. Àwọn ọmọdé tí ọkàn wọn ò balẹ̀ ló ń tọ́jú nígbà náà, ó sì rí i pé ibi tí oníkálukú ti wá hàn nínú ìwà rẹ̀ àti nínú ohun tó ń tù ú lára. Nígbà tó yá, ó kó ẹrù, ó lọ bá ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní Gadsup gbé ní orílẹ̀-èdè Papua New Guinea láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ara wọn. Ohun tó fi kọ́ni ni pé àṣà aláìsàn mìíràn wà tí a ó dì mú fún un, òmíràn wà tí a ó jọ dúnàá dúrà lé lórí, òmíràn sì wà tí a ó ràn án lọ́wọ́ láti yí padà.

Ẹ wo alátọ̀gbẹ tó fẹ́ gbààwẹ̀ Ràmàdáànì. Bí nọ́ọ̀sì bá kàn ní "ẹ má gbà á", tó sì kọjá lọ, aláìsàn lè gbà á ní bòńkẹ́lẹ́, kó máa lo oògùn rẹ̀ bó ṣe wù ú. Ìyẹn gan-an ló léwu. Bí wọ́n bá jọ sọ ọ́ ṣáájú, dókítà lè tún àkókò àti ìwọ̀n oògùn tò. Bí ààwẹ̀ náà bá sì léwu fún un, ó yẹ kó gbọ́ ọ ketekete. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda aláìsàn.

Àmọ́ o, kí ẹnikẹ́ni má há àṣà ẹ̀yà àti ẹ̀sìn sórí bí ìṣirò, kó ní òun ti gbọ́n. Ẹlẹ́rìí Jèhófà méjì lè jọ kọ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀, kí ọ̀kan gba albumin, èròjà kan tí wọ́n yọ lára ẹ̀jẹ̀, kí èkejì ní òun ò fẹ́. Ẹni tó wà níwájú yín lẹ ó bi, ẹ má bi ìwé. Bí ẹ ò bá sì gbọ́ èdè rẹ̀, ẹ wá ògbufọ̀. Ẹ má fi ọmọ rẹ̀ ṣe é. Ìyá wo ló fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lára rẹ̀ níṣojú ọmọkùnrin rẹ̀?

Mo mọ̀ pé àyè ò sí, iṣẹ́ ń wọ́ nílẹ̀. Ìbéèrè náà ò gùn: "Kí lẹ rò pé ó fa àìsàn yìí? Kí ló ń bà yín lẹ́rù jù nínú ìtọ́jú rẹ̀?" Ẹ lè bi í bí ẹ ṣe ń wé aṣọ ẹ̀rọ ìfúnpá mọ́ ọn lápá.