Tírélà tuntun ń jò, wọ́n ní èmi ni mi ò tọ́jú ẹ̀

Inú ń bí mi gan-an, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ jáde. Tírélà tí mò ń sọ yìí kì í ṣe èyí tó ń kó sìmẹ́ǹtì o, ti àwa tá a wà ní Texas níbí ni, kékeré tó ní bẹ́ẹ̀dì, síńkì àti tọ́ílẹ́ẹ̀tì nínú, téèyàn á so mọ́ ẹ̀yìn jíìpù táá sì fà á lọ sínú igbó lọ sinmi. Owó gidi la fi rà á, tear rubber. Kò tíì pé ọdún kan, warranty ṣì wà lórí ẹ̀, omi ti ń wọlé.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan yìí ná. Ìlú Elkhart ní Indiana àti agbègbè ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tírélà tá à ń rà ní Amẹ́ríkà, kíákíá kíákíá sì ni wọ́n ń tò ó. Igi tẹ́ẹ́rẹ́, plywood fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, staple pin, wọ́n á wá na rọ́bà bo òrùlé, wọ́n á gé ihò fún AC, wọ́n á gé ihò fún fẹ́ǹtì, wọ́n á gé fún antenna, gbogbo ihò yẹn, sealant, ìyẹn gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń dí ojú ihò, ló ń dá omi dúró níbẹ̀. Sealant! Nínú oòrùn Texas! Ó máa gbẹ, ó máa sán, omi máa wọlé, plywood á sì ti máa rà láti inú kéèyàn tó rí nǹkan kan níta. Nígbà tẹ́ ẹ bá máa fi rí i pé ògiri ń wú, ó ti kọjá ohun tẹ́ ẹ lè fi sealant dí.

Èmi sì ń gun òrùlé o. Ìwé tí wọ́n fún wa ní ká máa yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, mò ń yẹ̀ ẹ́ wò, mò ń fọ̀ ọ́, mò ń fi lap sealant tó bá rọ́bà mu dí ibi tó bá fẹ́ sán, mi ò fi silicone lásán sí i torí silicone kì í lẹ̀ dáadáa mọ́ rọ́bà yẹn, tẹ́ ẹ bá sì ti fi í sí i, nǹkan míì ò ní lẹ̀ mọ́ ojú ibẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá ha gbogbo ẹ̀ kúrò. Mo ya fọ́tò gbogbo ẹ̀, déètì wà lára wọn. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ gbóòórùn nǹkan tó bu lápá iwájú, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo fọwọ́ tẹ ògiri níbẹ̀, ó rọ̀ bíi búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì.

A gbé e padà lọ fún àwọn tó tà á fún wa. Ìparí May nìyẹn. Wọ́n ní ká fi sílẹ̀, a fi sílẹ̀. June lọ, mo pè wọ́n, wọ́n ní àwọn ń retí kí iléeṣẹ́ fọwọ́ sí i. July dé, wọ́n ní ẹni tó máa wò ó lọ sí ìsinmi. A ti gba ààyè sílẹ̀ ní Garner State Park létí odò Frio, ẹni tó bá mọ Garner mọ bó ṣe ń ṣòro tó kéèyàn tó rí ààyè níbẹ̀ nígbà summer, àwọn ọmọ ti ń ka ọjọ́, àbúrò mi ní Dallas ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́ torí ẹ̀, a fagi lé e. Owó báńkì tá a fi rà á ò dúró ní tiẹ̀ o, oṣooṣù ni wọ́n ń yọ ọ́. August dé, àwọn ọmọ wọlé sílé ìwé, tírélà wa wà nínú yáàdì wọn, nínú òjò, wọn ò tiẹ̀ fi tapólì bò ó! Nǹkan tí a gbé wá torí pé ó ń jò!

Ìgbà tí wọ́n máa wá dáhùn, wọ́n ní àwọn fi hose bomi sí i, àwọn ò rí ibi tó ti ń jò, àti pé ògiri tó rà yẹn, àìtọ́jú ló fà á, warranty ò kàn án. Àìtọ́jú! Mo kó fọ́tò síwájú wọn, wọ́n ní fọ́tò kì í ṣe rísíìtì, àfi kó jẹ́ pé àwọn ni mo gbé e wá fún láti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ka ìwé warranty yẹn láti òkè délẹ̀, kí ẹni tó ni ín máa yẹ̀ ẹ́ wò ni wọ́n kọ síbẹ̀, kò síbi tí wọ́n ti ní àfi kí n sanwó fún wọn kó tó jẹ́ àyẹ̀wò.

Mo gbé tírélà wa padà sílé, mo wá pe mẹkáníìkì kan tó dá dúró, tó ń wá bá èèyàn nílé. Ó ti gbogbo fèrèsé, ó gbé fáànù kan sójú fẹ́ǹtì orí òrùlé kó máa fẹ́ atẹ́gùn wọnú tírélà, ó wá ń wọ́n omi ọṣẹ sí gbogbo ojú oríkèé níta. Ibi tí atẹ́gùn bá ti ráyè jáde, ọṣẹ á máa hó. Kò pẹ́ rárá. Ìdí àwọn iná kéékèèké tó wà lókè níwájú, ọṣẹ ń hó yèè. Ó tú iná kan, kò sí sealant kankan lẹ́yìn ẹ̀. Kò sí rárá! Bó ṣe ti iléeṣẹ́ wá nìyẹn. Nǹkan tí ẹnì kan rí kí ọ̀sán tó pọ́n làwọn yẹn fi odindi summer sọ pé àwọn ò rí.

Ẹni yìí kan náà ló tún bá mi wo bátìrì. A sanwó gọbọi kí àwọn tó tà á fi bátìrì lithium sí i kí wọ́n tó gbé e fún wa. Wọ́n fi lithium sí i lóòótọ́, àmọ́ wọn ò pààrọ̀ converter tó ń cháàjì ẹ̀, ti bátìrì olómi àtijọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀, 13.6 volt ló ń gbé jáde, lithium sì ń fẹ́ bíi 14.4 sí 14.6 kó tó tètè kún. Abájọ tá a fi máa ń tan jẹnẹrétọ̀ títí tí bátìrì ò ní kún, tí iná á tún kú mọ́ wa lójú lóru. A sì ti sọ fún wọn, wọ́n ní a ń lo iná jù ni.

Táyà ńkọ́? Ẹ lọ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára táyà, lára tiyín, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kù ni ọdún, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Tiwa dàgbà ju tírélà fúnra ẹ̀ lọ, wọ́n dẹ̀ tà á fún wa ní tuntun. Oòrùn àti ọjọ́ orí ló máa ń ba táyà tírélà jẹ́, kò dìgbà tó bá jẹ tán. Tó bá bẹ́ lórí eré lójú títì márosẹ̀ I-10, á fa abẹ́ tírélà ya, á já wáyà, á fọ́ páìpù. Àwọn ọmọ mi ló wà nínú mọ́tò tó ń fà á yẹn o!

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan àfi tí wọ́n bá fi atẹ́gùn àti omi ọṣẹ yẹ̀ ẹ́ wò lójú yín. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ máa bá tiyín lọ. Èmi ti kọ lẹ́tà sáwọn tó tà á àtàwọn tó ṣe é, mo fi fọ́tò, fídíò ọṣẹ tó ń hó àti ìwé tí mẹkáníìkì kọ sí i, certified mail, ìyẹn lẹ́tà tí pósí ń fún èèyàn ní ẹ̀rí pé wọ́n fi ránṣẹ́, ni mo fi ránṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun ò rí i gbà. Justice court, ìyẹn kóòtù kékeré, ní Texas ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí ò bá ju $20,000 lọ, kò dẹ̀ pọn dandan kéèyàn gba lọ́yà. Owó tí wọ́n máa fi tún ògiri yẹn ṣe ò tó bẹ́ẹ̀. Tí wọn ò bá dáhùn, ibẹ̀ ni mò ń gbé e lọ.