Owó Kábọ̀n Lórí Igbó Èkìtì: Ta Ló Yẹ Kó Gbà Á?

Ọmọ Ìsẹ̀-Èkìtì:
Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín. Àwọn kan wá bá ẹbí wa pé bí a bá tọwọ́ bọ̀wé pé a kò ní gé igi inú igbó wa fún ọdún 30, àwọn yóò máa sanwó fún wa. Àlàyé wọn ni pé igi ń fa èéfín kábọ̀n tó ń mú ayé gbóná, ó sì ń kó o pamọ́ sára. Àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun wá ń ra ìwé-ẹ̀rí kábọ̀n, ẹyọ kan fún tọ́ọ̀nù kan, kí wọ́n lè fi dípò èéfín tí àwọn fúnra wọn ń tú jáde. Èmi fara mọ́ ọn. Ìnàkí ṣì ń gbé inú igbó ìjọba tó wà lágbègbè Ìsẹ̀, oko àti ẹ̀rọ agégi sì ń jẹ ẹ̀bá rẹ̀ wọlé. Ìkìlọ̀ nìkan kò lè dá ẹni tí ebi ń pa dúró.

Àgbẹ̀ Ẹ̀fọ̀n:
Àbúrò, ta ló fẹ́ gé igbó yín tẹ́lẹ̀? Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí wọ́n ń rà ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní owó kò sí, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ nítorí pé owó wà. Bí ẹnì kan bá lọ sọ pé igbó tí kò sí nínú ewu ti fẹ́ pa run, yóò rí tọ́ọ̀nù rẹpẹtẹ tà, bẹ́ẹ̀ ni èéfín kò dín rárá. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023, ìwé ìròyìn The Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Die Zeit ti Jámánì àti àwọn oníròyìn SourceMaterial jọ gbé ìwádìí jáde lórí ìwé-ẹ̀rí igbó kìjikìji tí àjọ Verra fọwọ́ sí. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí èyí tó ju ìdá 90 nínú 100 lọ má dúró fún èéfín kankan tó dín kù. Verra ta ko ìṣirò wọn, àmọ́ èmi kò rí ìdí tí Èkìtì fi gbọ́dọ̀ sáré wọ irú ọjà bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ Adó:
Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Ní Gazi, létí òkun Kẹ́ńyà, àwọn ará abúlé ń dáàbò bo igbó inú omi oníyọ̀ tí ó tó hẹ́kítà 117, lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní Mikoko Pamoja. Láti nǹkan bí ọdún 2013 ni wọ́n ti ń ta ìwé-ẹ̀rí, owó náà sì ń bọ́ sórí omi mímu àti ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Igbó bẹ́ẹ̀ ń kó kábọ̀n sínú ẹrẹ̀ abẹ́ gbòǹgbò, níbi tí nǹkan kì í tètè jẹrà. Àwa kò ní etíkun. Àwọn ará Ìlàjẹ ní Oǹdó, tí òkun ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn ní Ayétòrò, ni ìyẹn lè bá. Tiwa ni ilẹ̀ oko. Ẹ fi ọkọ́ bu ilẹ̀ abẹ́ kòkó tí ewé ti ń jẹrà sí láti ọjọ́ pípẹ́: ó dúdú, ó ṣù mọ́ra, ekòló ń rìn nínú rẹ̀. Kábọ̀n wà nínú dúdú yẹn.

Àgbẹ̀ Ẹ̀fọ̀n:
Olùkọ́, ọ̀pọ̀ ọdún ni dúdú yẹn fi ń kóra jọ, iná ọ̀gbẹlẹ̀ àti ìtúlẹ̀ léraléra sì lè tú u ká. Láti wọ̀n ọ́n, wọ́n gbọ́dọ̀ bu ilẹ̀ níbi púpọ̀, kí wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Iye tí ìyẹn ń ná lè ju ohun tí àgbẹ̀ éékà 2 yóò rí gbà lọ.

Ìyá Onípákó, Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ̀yin ọmọ mi, pákó ni mò ń tà. Bí ẹ bá ti igbó Ìsẹ̀ pa lónìí, ẹni tó ń kan òrùlé lọ́la kò ní ṣíwọ́. Igbó ìlú mìíràn ni wọn yóò wọ̀ lọ gégi. Àyàfi bí ẹ bá ń gbin tíìkì àti melínà sórí ilẹ̀ tó ti ṣófo, kí àwa náà rí nǹkan là.

Amòfin Ìjerò:
Òótọ́ ni ìyá sọ, ó sì yẹ kó wà nínú àdéhùn. Ṣùgbọ́n ṣé inú ààlà igbó ìjọba ni igbó yìí wà, àbí òde rẹ̀? Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ìjọba ìpínlẹ̀ ló sì ń ṣàkóso irú igbó bẹ́ẹ̀, ẹbí kò lè tọwọ́ bọ̀wé lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ẹ wò ó bóyá ìwé náà sọ iye tí wọn yóò tà á lókè òkun, nítorí ẹni tí kò mọ iye ọjà kò lè mọ̀ bóyá ìpín tòun tó. Ṣé àwọn ìyá wa ṣì lè ṣẹ́gi ìdáná níbẹ̀, kí wọ́n já ewé eéran, kí wọ́n ṣa ìgbín? Mo tún fẹ́ kí ìjọba gbọ́ èyí: lábẹ́ Abala 6 Àdéhùn Paris ti ọdún 2015, níbi tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ti ń ṣèlérí bí yóò ṣe dín èéfín rẹ̀ kù, tọ́ọ̀nù tí Nàìjíríà bá fọwọ́ sí pé kí orílẹ̀-èdè mìíràn rà fún ìlérí tirẹ̀, Nàìjíríà kò ní lè kà á mọ́ ìlérí tara rẹ̀ mọ́.

Ọmọ Ìsẹ̀-Èkìtì:
Ìwé náà wà níwájú mi. Kò sọ iye tí wọ́n ń tà á, kò sì mẹ́nu kan igi ìdáná. Mo ṣì fẹ́ kí igbó náà dúró, mo sì gbà pé owó lè ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n a ó dá ìwé náà padà kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sí i ní Yorùbá, kí àwọn àgbà ẹbí lè kà á fúnra wọn.

Àgbẹ̀ Ẹ̀fọ̀n:
Kí wọ́n tún ọdún 30 yẹn yẹ̀ wò pẹ̀lú. Lọ́dún márùn-ún márùn-ún, ó yẹ kí ẹbí láǹfààní láti jókòó sọ ọ́, kí wọ́n sì jáde bó bá wù wọ́n.