Ẹ yéé sọ pé ọsibítù nìkan lọ̀rọ̀ àwọn àgbà kàn

Ẹnìkan tún ti sọ ọ́ láàárọ̀ yìí o, pé tí ìjọba bá fẹ́ múra sílẹ̀ de àwọn àgbà tó ń pọ̀ sí i, kí wọ́n sáà ti da owó lé ètò ìlera, kí wọ́n kọ́ ọsibítù sí i, ó parí. Ó ti sú mi. Bíi pé orí bẹ́ẹ̀dì ni gbogbo ẹni tó bá ti lé lọ́dún 60 ń gbé.

Bàbá mi ṣubú, wọ́n tọ́jú wọn dáadáa, dókítà ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ilé wo? Àtẹ̀gùn pọ̀, kò sí ibi téèyàn lè dì mú ní balùwẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa wà pẹ̀lú wọn tí gbogbo wa bá ti lọ síbi iṣẹ́. Báyìí ni wọ́n ṣe lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko sí i ní ọsibítù láì gba ìtọ́jú tuntun kankan, ẹsẹ̀ tó ti ń lágbára tún wá rọ. Mo lọ bèèrè, àwọn ti ìlera ní ọ̀rọ̀ ilé ò kan àwọn, àwọn ti ilé ní ọ̀rọ̀ àìsàn ò kan àwọn. Kí ni ọsibítù tuntun fẹ́ ṣe sí ìyẹn?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Sweden náà nìyẹn kó tó di 1992. Ìjọba àgbègbè ló ń gbọ́ bùkátà ọsibítù, ìtọ́jú nílé wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, torí náà tí arúgbó bá ti gbádùn tó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kò dun ìjọba ìbílẹ̀ lápò, kí ni wọ́n máa sáré fún? Lọ́dún yẹn wọ́n yí òfin padà: ẹni tí dókítà bá ti ní kó máa lọ tí kò ríbi lọ, ìjọba ìbílẹ̀ ló máa sanwó bẹ́ẹ̀dì ẹ̀. Àwọn tó ń há síbẹ̀ dín kù gan-an. Kì í ṣe oògùn ló ṣe é, ètò owó ni, ó di dandan kí apá méjèèjì máa bára wọn sọ̀rọ̀. England náà ṣe irú òfin yẹn lọ́dún 2003.

Ẹ wo títì náà. Ní England, bí wọ́n ṣe ṣètò iná tó ń dá mọ́tò dúró fún ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀ gbà pé èèyàn ń rin mítà 1.2 láàárín sẹ́kọ́ńdù kan, ìwádìí tó jáde lọ́dún 2012 sì fi hàn pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó lé ní 65 ò lè rìn tó bẹ́ẹ̀. Láti 2009 ni Singapore ti gbé ètò kan jáde, àgbà á fi káàdì kan ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ títì, iná á sì dúró dè é díẹ̀ sí i. Àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọ̀nà ló ṣe é. Àjọ WHO fúnra wọn, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìlera, ka nǹkan mẹ́jọ sílẹ̀ lọ́dún 2007 tó ń mú kí ìlú rọ àwọn àgbà lọ́rùn, ẹyọ kan péré ló sọ̀rọ̀ ìlera.

Ẹ máa ní àìsàn àwọn àgbà pọ̀. Ó pọ̀, ta ló jiyàn? Mo sì gbà pé tí ọ́fíìsì púpọ̀ bá ní láti jọ ṣe nǹkan, ìpàdé wọn máa ń falẹ̀.

Ohun tó gbé bàbá mi délé ni káfíńtà tí ẹ̀gbọ́n mi mú wá, tó kan igi ìdìmú mọ́ ògiri balùwẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló fi parí ẹ̀.