Èsì wa sí ìyá oníléèsì tó fún wa ní ìràwọ̀ 2

Ẹ kú ọjà o, mà.

Ẹ bínú sí wa, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbí pé ẹ ń sanwó fún wa lóṣooṣù kí lẹ́tà jìbìtì má baà wọ inú ímeèlì ṣọ́ọ̀bù yín. Pé ẹ ti fọwọ́ ara yín dínà mọ́ àdírẹ́sì tó lé ní igba, síbẹ̀ ńṣe ni wọ́n ń ya wọlé bí omi. Pé lẹ́tà kan ṣoṣo tí ẹ wá ń retí, iye owó léèsì tuntun láti Lustenau ní Ọ́sítríà, òun gan-an ni kò dé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ní Sábó ti ń ta tiwọn. Ẹ ní kí n sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe tí mo fi ń gbowó.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ẹ̀bi tèmi bẹ̀rẹ̀. Ibì kan wà nínú cPanel, ojú ìwé tí a ti ń ṣètò ímeèlì yín, tí a ti ń yan ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe sí lẹ́tà tó bá pè ní spam, ìyẹn lẹ́tà jìbìtì tàbí ìpolówó tí ẹ ò bèèrè: yálà kó kó o sínú àpótí ọ̀tọ̀ kí ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò, tàbí kó pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mo fi tiyín sórí ìparẹ́, n kò sì sọ fún yín. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi tú gbogbo àpótí tí ẹ ò rí nǹkan kan. Lẹ́tà tó bá ti lọ báyẹn kò ṣeé pè padà. Mo ti dá owó oṣù yìí padà sí àkáǹtì yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé kò tó èrè ọjà Iléyá tó fò yín ru.

Ó wá ku ìdí tí ẹ̀rọ fi pe lẹ́tà ọkùnrin tó ń kó léèsì fún yín láti Lustenau ní spam. Ẹ ti gbà mí láyè lórí fóònù pé kí n sọ ọ́ níbí kí ẹlòmíì lè gbọ́. Orúkọ ọkùnrin náà wà láàárín àwọn tí ẹ dínà mọ́, mà. Ẹ rántí lẹ́tà tó wá ṣáájú Àjíǹde, tó ní oníléèsì yín ti pààrọ̀ báǹkì, kí ẹ sanwó sí àkáǹtì tuntun? Ẹ fura, ẹ ò san kọ́bọ̀, orí yín ni. Àmọ́ ẹ fi ìbínú blọ́ọ̀kì àdírẹ́sì tó wà lórí lẹ́tà náà, bẹ́ẹ̀ àdírẹ́sì oníléèsì yín gan-an ni olè yẹn kọ síbẹ̀. Olè lọ, olóòótọ́ ló há.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní SpamAssassin ló ń yẹ lẹ́tà yín wò. Máàkì ló ń fún wọn: ọ̀rọ̀ tó dà bíi jìbìtì, máàkì díẹ̀, ìlínkì tó ń rùn, máàkì díẹ̀ sí i, tó bá ti pé 5, spam ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ bá fọwọ́ ara yín dínà mọ́, 100 ni yóò gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ẹ bá gbà láyè, 100 ni wọn yóò yọ fún un. Ẹjọ́ tí ẹ̀rọ ì bá fara balẹ̀ gbọ́, ẹ ti bá a dá a tán.

Mo ka igba orúkọ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó padà wá lẹ́ẹ̀kejì kò pé mẹ́wàá, àwọn tó ń polówó ọjà sì ni gbogbo wọn. Onígbájúẹ̀ kì í fi orúkọ àná wá lónìí.

Àwọn tí ẹ gbà láyè ló tiẹ̀ bà mí lẹ́rù jù. Ẹnì kan ti bá yín kọ gbogbo @gmail.com síbẹ̀, kí lẹ́tà oníbàárà má baà sọnù, ó sì tún kọ àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù yín mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ ẹbí, èyí á yé yín ju èmi lọ: tí ẹni tó ń ṣọ́ géètì bá ń wo aṣọ nìkan, mogbọ́moyà tó bá ti ra ọ̀pá márùn-ún ti di àbúrò ìyá ìyàwó. Gmail, ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè ṣí i. Lẹ́tà tó kó yín láyà sókè lóṣù tó kọjá ńkọ́, èyí tó dà bíi pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sí ara yín, tó ní àwọn ti wọ fóònù yín? Kò sẹ́ni tó wọ ibì kankan. Orúkọ yín ni wọ́n kọ sórí lẹ́tà, orúkọ yín sì wà lára àwọn tí a kì í yẹ̀ wò.

Gbogbo igba yẹn ti kúrò, @gmail.com ti kúrò, ìparẹ́ ti kúrò. Orúkọ mẹ́fà péré ni mo fi sílẹ̀ láàárín àwọn tí ẹ gbà láyè, oníléèsì yín wà níbẹ̀, aṣojú yín ní Àpápá náà wà níbẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní whitelist_auth ni mo fi kọ wọ́n: ẹ̀rọ kò ní wo orúkọ nìkan, á wo òǹtẹ̀ SPF tàbí DKIM tó fi hàn pé ilé tó ni orúkọ náà ló rán lẹ́tà jáde. Láti oṣù Kejì ọdún 2024 tí Google àti Yahoo ti ń bèèrè òǹtẹ̀ wọ̀nyí lọ́wọ́ àwọn tó ń rán lẹ́tà púpọ̀, ilé iṣẹ́ tí kò ní i ti ń ṣọ̀wọ́n.

N kò ní purọ́ fún yín, spam díẹ̀ á ṣì máa yọ́ wọlé, lẹ́tà oníbàárà kan á sì máa ṣìnà sínú àpótí spam lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ bá mi máa yẹ̀ ẹ́ wò tí ẹ bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Tí lẹ́tà bá tún sọ̀rọ̀ àkáǹtì tuntun, nọ́ńbà tó wà nínú ìwé yín àtijọ́ ni kí ẹ pè, kì í ṣe èyí tó wà nínú lẹ́tà.

Mo bá yín kọ̀wé sí Lustenau gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Èsì wọn wọlé láàárọ̀ yìí, aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀, iye owó tuntun náà wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣí àpótí yín, mà.