Ẹ mẹ́nu ba Salming dáadáa o

Ẹ kú iṣẹ́ lórí ìròyìn àwọn ọmọ Swídìn tó ń gbá họ́kì orí yìnyín ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, àmọ́ gbólóhùn kan péré lẹ fi mẹ́nu ba Börje Salming, ọ̀kan lára àwọn agbá-họ́kì ọmọ Swídìn yẹn. Ó kéré jù! Nígbà tó dé Toronto Maple Leafs, ẹgbẹ́ họ́kì kan ní Kánádà, lọ́dún 1973, ojo ni wọ́n ń pe àwọn ará Swídìn. Àwọn alátakò ń fi igi họ́kì lù ú, wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún un, kó lè sá padà sílé. Ta ló máa sá? Ọdún 16 gbáko ló lò níbẹ̀, tó ń fi ara dínà rọ́bà líle tí wọ́n ń gbá bọ̀. Lọ́dún 1986, irin bàtà ẹnìkan ya á lójú, ó lé ní 200 ojú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi rán an.

Ọmọ Kiruna ní Swídìn ni, níbi tí wọ́n ti ń wa irin. Ibi iṣẹ́ kùsà yẹn ni bàbá rẹ̀ kú sí nígbà tí òun wà ní ọmọ ọdún márùn-ún. Àìsàn ALS, tó máa ń sọ iṣan ara di aláìlágbára, ló padà pa á ní November 2022. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kún un pé òun ni ọmọ Swídìn àkọ́kọ́ tó wọ Hockey Hall of Fame, ibi tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn akọni eré họ́kì, lọ́dún 1996.