Ọ̀dọ́ pọ̀ lóòótọ́, ta ló ń kọ́ wọn níṣẹ́?

Gbogbo ìgbà tí olóṣèlú bá ti gba máìkì, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé ọ̀dọ́ ni ọrọ̀ wa. Ó kúkú rí nǹkan sọ: ó tó ìdajì àwa ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé ogún ọdún. Tèmi ni pé ibi tí owó ti ń wọlé lójú ẹsẹ̀ ni ọ̀dọ́ máa ń yà sí, ibẹ̀ náà sì ni iṣẹ́ ìlú ń tẹ̀ sí. Ẹ dúró ní Pánṣẹ́kẹ́ l'Abẹ́òkúta nírọ̀lẹ́ kí ẹ wòran: POS, títa dátà, kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ilé tẹ́tẹ́. Èwo nínú wọn lèèyàn ń fi ọdún mẹ́ta kọ́?

Àwọn àgbà ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Mi ò gbà. Ọmọ tó ti ń wa Màrúwá láti aago mẹ́fà àárọ̀, tó gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ owó fún oní-kẹ̀kẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀lẹ wo nìyẹn? Ebi ni kò jẹ́ kó dúró kọ́ṣẹ́. Láyé àtijọ́, ilé ọ̀gá lọmọ ìkọ́ṣẹ́ ń sùn, oúnjẹ ọ̀gá ló ń jẹ. Lónìí, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ń ṣírò gààrì.

Ẹ wá wo Ìtokú, ọjà àdìrẹ l'Abẹ́òkúta. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ wú mi lórí gan-an. Àwọn ló gbé àdìrẹ sórí Instagram, tí wọ́n ń fi í rán báàgì, bàtà àti jákẹ́ẹ̀tì, títí aṣọ ìyá àgbà fi di ohun tí ọmọ yunifásítì ń wọ̀ jáde. Àmọ́ aṣọ funfun tá à ń rẹ sínú aró ńkọ́? Òkèèrè ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ayédèrú tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà náà ti wọjà, ó sì dínwó ju tiwa lọ. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ní Nàìjíríà ti kógbá wọlé. Kaduna Textiles tí wọ́n ṣí lọ́dún 1957, wọ́n tì í ní 2002.

Bangladesh náà ní ọ̀dọ́ rẹpẹtẹ nígbà tí ìṣẹ́ ń bá wọn fínra. Lọ́dún 1979, ilé iṣẹ́ aṣọ kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Desh kó òṣìṣẹ́ 130 lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá kan, Daewoo, ní Kòríà Gúúsù, wọ́n lo bí oṣù mẹ́fà níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n padà dé, kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn fi ọ̀gá sílẹ̀, tí wọ́n lọ dá tiwọn sílẹ̀ tàbí kí wọ́n lọ bá ẹlòmíì ṣe é. Lónìí, bíi mílíọ̀nù mẹ́rin èèyàn ló ń jẹun nídìí iṣẹ́ aṣọ lọ́hùn-ún, obìnrin ló sì pọ̀ jù. Kí ló yàtọ̀ sí tiwa, níbi tọ́mọ ti ń kọ́ṣẹ́, tó ń gba fìrídọ́ọ̀mù, tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù? (Owó oṣù wọn ò tó nǹkan o, ilé Rana Plaza tí wọ́n ti ń rán aṣọ sì wó pa èèyàn tó lé ní 1,100 lọ́dún 2013. Mi ò ní ká kọ́ ìyẹn lára wọn.)

Tó bá jẹ́ èmi ni mò ń pín owó ìpínlẹ̀ Ògùn, owó oúnjẹ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni màá kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀, ọdún méjì gbáko, màá sì fún ọ̀gá tó ń kọ́ ọ ní tiẹ̀. Iná mànàmáná ló kàn. Aláró lè fi igi dáná, ẹ̀rọ ìhunṣọ ò lè jẹ igi. Ní ti ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n máa ń lẹ fọ́tò olóṣèlú mọ́, tí wọ́n ń pín lásìkò ìbò, ẹ bá mi béèrè ládùúgbò yín: mélòó ló ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fún?